Creatinine 0.9 nínú oyún: ẹ wá ìwé èsì àkọ́kọ́ yín jáde

Ẹ kú ìkúnra o, arábìnrin mi. Ẹ ní súgà inú oyún ni wọ́n bá lára yín, oyún ti pé ọ̀sẹ̀ 29, creatinine yín (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ dànù) sì jẹ́ 0.9 mg/dL, láàbù ò fi àmì kankan sí i. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ọkàn yín balẹ̀. Irú ìwé yẹn gan-an ló tan èmi jẹ nínú oyún mi kejì.

0.9 ni tèmi náà. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ìwé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 0.6 sí 1.1 ló dáa. Mo ká a, mo jù ú sínú báàgì. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ní kí n kó gbogbo èsì mi wá láti ìgbà tí mo ti forúkọ sílẹ̀. Ó tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì, ó fi bírò yípo 0.5 ti ọ̀sẹ̀ 10, ó tún yípo 0.9. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbójú sókè wò mí.

Bí asẹ́ ni kíndìnrín rí. Tí a bá lóyún, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá máa ń pọ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe á fi bí ìdajì lé sí i. Ìdí nìyẹn tí creatinine fi máa ń wálẹ̀ sí bíi 0.4 sí 0.8. Iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé láàbù, ti ẹni tí kò lóyún ni. (Tí láàbù yín bá ń lo µmol/L, bíi 80 ni 0.9 máa jẹ́.) eGFR, ìṣirò bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀, wọn ò ṣe ìṣirò yẹn fún aboyún.

Ẹnì kan lè ní kí ẹ lọ ṣe cystatin C, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn fún kíndìnrín. Bí oyún bá ti dàgbà, ó máa ń gòkè fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé kíndìnrín ní nǹkan kan. Mo sanwó tèmi, mo sì fi odindi òru kan sunkún lásán.

Ká sòótọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè sọ̀rọ̀. Ìtọ̀ ló ń kọ́kọ́ ṣòfófó. Ẹ ní kí wọ́n wo albumin (protein inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń jò sínú ìtọ̀ tí kíndìnrín bá ní ìṣòro) àti creatinine nínú ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá tọ̀ láàárọ̀, kí wọ́n sì rí i pé kò sí kòkòrò àrùn nínú rẹ̀, torí ó lè da èsì rú.

Súgà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú oyún kì í sábà ráyè ba kíndìnrín jẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Tí nǹkan bá ti yí, ó lè jẹ́ àrùn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìfura, tàbí preeclampsia (ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tó lè pa kíndìnrín lára) tó ń bọ̀. Tèmi, méjèèjì ni. BP mi di 150/100, wọ́n gbẹ̀bí mi ní ọ̀sẹ̀ 36. Nígbà tí mo bímọ tán, súgà lọ, creatinine padà sípò, ṣùgbọ́n albumin ṣì wà nínú ìtọ̀ mi lóṣù kẹta. Ọdọọdún ni mo ń yẹ ẹ́ wò báyìí.

Nítorí náà, ẹ wá èsì ìgbà tí oyún ṣì kéré. Tó bá jẹ́ 0.8, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ẹ ṣáà fi han dókítà. Tó bá jẹ́ 0.5, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Tí orí bá sì ń fọ́ yín burúkú, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tàbí tí ojú yín ṣàdédé wú, òní náà ni kí ẹ lọ. BP yín ti ìkẹyìn, mélòó ni?