Bí ìkùukùu ṣe ga tó l'Adó: ẹ yẹ tẹmómítà yín wò kẹ́ ẹ tó ṣírò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní tẹmómítà yín l'Adó-Èkìtì ka dígírì 31, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ jẹ́ 65 nínú 100, ẹ wá fẹ́ mọ bí abẹ́ ìkùukùu ṣe ga tó kẹ́ ẹ tó gbé dróònù sókè. Ìṣirò ẹ̀ ò le rárá. Ẹ yọ 65 kúrò nínú 100, ó ku 35, ẹ pín in sí 5, ó di 7, tẹ́ ẹ bá yọ 7 yẹn lára 31, 24 ló kù, òun ni dew point, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ yẹn ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó kí ìrì tó lè sẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ wá ṣe 7 lọ́nà 125 mítà, 875 mítà nìyẹn. Látorí ilẹ̀ tẹ́ ẹ dúró sí ni o, kì í ṣe látorí òkun, torí Adó fúnra ẹ̀ ti ga tó bíi 450 mítà.

Ibi tí 125 ti wá rè é: afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè máa ń tutù ní bíi dígírì 10 fún kìlómítà kan, dew point ẹ̀ ń fi bíi 2 wálẹ̀, àlàfo àárín wọn ń fi 8 dín kù, ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni ìkùukùu ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí abẹ́ ẹ̀ fi máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ibi tó ń ká mi lára gan-an ni tẹmómítà. Iléèwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ara ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n kàn án mọ́, lábẹ́ páànù, tó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán ògiri yẹn á máa yọ ooru, tẹmómítà á fi 3 lé, dew point ò sì yí padà, bẹ́ẹ̀ 3 yẹn nìkan á ti sọ ìkùukùu di ohun tó fi 375 mítà ga ju bó ṣe wà lọ. Ẹ gbé e sínú àpótí funfun tí afẹ́fẹ́ ń gba inú ẹ̀ kọjá, kó jìnnà sí ògiri àti sìmẹ́ńtì, kó ga tó àyà èèyàn. Tó bá jẹ́ tẹmómítà méjì lẹ ní, tí wọ́n fi òwú tútù wé ìkan, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó tutù yẹn kọ́ ni dew point o, lọ́jọ́ tiyín yìí á ka bíi 25 ààbọ̀, tẹ́ ẹ bá fi ṣírò, 690 mítà péré lẹ máa rí.

Ìkùukùu funfun tó ń wú lẹ́yìn ọ̀sán nìkan ni ìṣirò yìí wà fún. Nígbà ọyẹ́, tó bá ka 32 tí ọ̀rinrin wá jẹ́ 30, pínpín sí 5 yẹn á sọ pé dew point jẹ́ 18, bẹ́ẹ̀ 12 ni, ìkùukùu gan-an lè má sí lójú ọ̀run. Láàárọ̀ tí ìkùukùu bá sì bo orí òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ má wulẹ̀ ṣírò nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí dróònù wà nínú báàgì títí oòrùn á fi ràn dáadáa.