Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́: kí ló dé tí kò wo ìṣẹ́ ẹrú?

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Ó ní òun ń ṣàlàyé òwe "Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́" fún àwọn ọmọ kíláàsì òun, ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́ sókè. Ọmọ náà ní wọ́n ti kọ́ àwọn nípa òwò ẹrú, pé ẹrú a máa ṣiṣẹ́ láti ìdájí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ló wá dé tí ẹrú kò fi lówó? Olùkọ́ wa wá ń béèrè ohun tí òwe yìí ń sọ gan-an, àti bóyá a lè rí ẹnì kan tọ́ka sí tí ìtàn rẹ̀ yóò là á yé àwọn ọmọ.

Ẹ bá mi yin ọmọ náà. Ojú rẹ̀ là ju ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń fi òwe yìí na tálákà lẹ́gba.

Ẹni tó bá lo oògùn ni oògùn ń wò. Ẹrú ló ń já ewé, ẹrú ló ń gún un, olówó rẹ̀ ló ń lò ó. Báwo ni ara ẹrú ṣe fẹ́ yá? Àwọn baba wa tó pa òwe náà mọ èyí dáadáa, nítorí ẹrú wà nílé wọn, ìwọ̀fà sì wà lóko wọn. Láyé ìgbà náà, bí ẹnì kan bá yáwó, ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Gbogbo iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe níbẹ̀, èlé orí owó ni, kò dín ẹyọ kan kù nínú gbèsè. Ó lè ro oko olówó títí irun rẹ̀ á fi funfun, kí gbèsè náà ṣì dúró digbí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n yá a. Ohun tó lè yọ ọ́ ni oko tara rẹ̀ tó ń dá lẹ́yìn tó bá ti kúrò lóko olówó, tàbí kí ẹbí dáwó jọ. Àwọn tó ń rí èyí lójoojúmọ́ kò lè sọ pé iṣẹ́ yòówù tí èèyàn bá ṣáà ti ń ṣe ni yóò lé ìṣẹ́ lọ. Iṣẹ́ tí ẹni tó ṣe é jẹ èrè rẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Òwe kejì rẹ̀ tí wọ́n máa ń pa mọ́ ọn fi hàn bẹ́ẹ̀: "Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ." Àtẹ́lẹwọ́ ẹni ni wọ́n wí.

Nípa àpẹẹrẹ, Booker T. Washington, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó dá ilé ìwé Tuskegee sílẹ̀, ni kí ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ó ṣe irú iṣẹ́ méjèèjì. Ó ṣe èyí tí kì í wo ìṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì lo ìyókù ayé rẹ̀ lórí èkejì.

Oko ẹrú kan ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1856. Jane ìyá rẹ̀ ni ó ń dáná fún oko náà. Òyìnbó kan ni bàbá rẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n. Orí àkísà tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ erùpẹ̀ ni òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń sùn. Ọmọ kékeré tó jẹ́ yìí, òun ló ń gbé omi lọ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko, òun ló sì ń kó àgbàdo sórí ẹṣin lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Bí àpò àgbàdo bá yẹ̀ tó já bọ́, kò lágbára láti gbé e padà. Á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, á máa sunkún, títí ẹnì kan yóò fi kọjá tí yóò bá a gbé e. Ó tún máa ń ru ìwé ọmọ olówó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ló mọ, ẹrú kì í wọlé. Ní ìpínlẹ̀ Alabama tí yóò padà lọ kọ́ ilé ìwé sí, òfin tí wọ́n ṣe ní 1832 ní ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ ẹrú ní ìwé yóò san owó ìtanràn.

Òmìnira dé ní 1865. Wọ́n kó lọ bá ọkọ ìyá rẹ̀ ní Malden, ní West Virginia, níbi tí wọ́n ti ń se iyọ̀. Kíákíá ni ọkùnrin náà fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́, owó iṣẹ́ náà sì ń bọ́ sí ọwọ́ ọkọ ìyá. Ẹ tọ́ka sí ibí yìí fún àwọn ọmọ yín: ó ti di òmìnira, kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́, síbẹ̀ oògùn náà kò tíì dé ẹnu rẹ̀. Nọ́ńbà 18 ni wọ́n ń kọ sára àwọn àgbá iyọ̀ ọkọ ìyá rẹ̀. Kó tó mọ lẹ́tà kankan, ó ti mọ 18 níbikíbi tó bá ti rí i. Ìyá rẹ̀, tí kò mọ̀wé, wá ìwé ìkọ́sípẹ́lì kan fún un. Nígbà tí wọ́n wá gbà kó lọ sílé ìwé, ó ní láti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nídìí iyọ̀ láti ìdájí títí di aago mẹ́sàn-án, kó sì tún padà síbẹ̀ lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí.

Ní 1872, ó gbọ́ nípa ilé ìwé kan ní Hampton, ní Virginia, tí ọmọ tálákà ti lè fi iṣẹ́ ọwọ́ san owó oúnjẹ rẹ̀. Ó gbéra. Owó tán lójú ọ̀nà, ó fẹsẹ̀ rìn, ó sùn sábẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi pákó ṣe ní ìlú Richmond. Nígbà tó dé Hampton, ó dọ̀tí débi pé olùkọ́ àgbà tó bá níbẹ̀ kò mọ̀ bóyá kí òun gbà á tàbí kí òun má gbà á. Lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan, ó gbé ìgbálẹ̀ fún un pé kó lọ gbá yàrá kan. Booker gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó nu eruku rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Olùkọ́ náà wọlé, ó fa aṣọ ìnujú yọ, ó fi nu ara ògiri, ó fi nu orí tábìlì, kò rí eruku kankan. Bó ṣe wọlé ìwé nìyẹn. Ó ti gbálẹ̀ lóko ẹrú rí, ó ti gbálẹ̀ nílé òyìnbó rí, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣí ilẹ̀kùn fún òun fúnra rẹ̀.

Ní 1881 ni wọ́n pè é wá sí Tuskegee, ní Alabama. Ẹ wo bí ilé ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ṣe pàtàkì sí ohun tí mo fẹ́ sọ níwájú. Lewis Adams, tó jẹ́ ẹrú rí, tó ń rọ páànù, tó ń ṣe bàtà àti ìjánu ẹṣin, jẹ́ ẹni tí àwọn adúláwọ̀ ìlú náà ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹnì kan tó ń du ipò aṣòfin wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wá ìbò. Adams ní ilé ìwé ni òun fẹ́ fún àwọn èèyàn òun. Ọkùnrin náà wọlé, ilé aṣòfin sì fọwọ́ sí 2,000 dọ́là lọ́dọọdún. Owó oṣù àwọn olùkọ́ nìkan ni wọ́n ní kó wà fún. Ilẹ̀ kò sí, ilé kò sí.

Ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1881 ni Booker bẹ̀rẹ̀ kíláàsì pẹ̀lú 30 akẹ́kọ̀ọ́, nínú àhéré kan lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì. Òrùlé jò tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí òjò bá ń rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan á fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, á dìde lọ máa fi agboòrùn bo olùkọ́ lórí. Kò pẹ́ tí ó fi rí oko òyìnbó kan tí wọ́n ti pa tì, tó jẹ́ 100 éékà, 500 dọ́là. Ó yá 250 dọ́là lọ́wọ́ akápò Hampton láti fi san àbọ̀. Ilé ẹṣin àti ilé adìẹ tó wà nínú oko náà ni wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì sọ di kíláàsì. Lẹ́yìn náà ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde wá ṣán igbó.

Níbí ni ìbéèrè ọmọ kíláàsì yín ti jẹ yọ, láti ẹnu àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti bi í. Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dùn sí i. Àwọn òbí ránṣẹ́, àwọn mìíràn wá fúnra wọn, pé ìwé làwọn rán ọmọ wá kọ́. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n ti nà lẹ́gba nídìí òwú láti kékeré, kí ni ó tún ń wá nínú oko? Booker kò bá wọn jiyàn. Ó gbé àáké, ó ṣáájú wọn wọ igbó, ojoojúmọ́ ló sì ń lọ títí wọ́n fi ṣán nǹkan bíi 20 éékà.

Ọ̀rọ̀ bíríkì ló le jù. Ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́, kò sí ẹni tó ń ta bíríkì ní ìlú náà, wọ́n ní àwọn yóò máa ṣe é. Inú ẹrẹ̀ tó dé orúnkún ni àwọn ọmọ náà ń dúró sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí láti po amọ̀, ó sì sú àwọn kan tí wọ́n fi bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ bíríkì bíi 25,000, wọ́n tò ó sínú ìléru, wọ́n dáná sí i, kò jiná dáadáa. Wọ́n tò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta fẹ́ jọ èyí tí yóò yege. Bí ọ̀sẹ̀ kan ni iná máa ń wà nídìí rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló sì kù, ni ìléru bá ya lulẹ̀ lóru. Owó ti tán pátápátá. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó jẹ́ káwọn jáwọ́. Ó gbé aago rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Montgomery, ó fi í dógò, ó gba 15 dọ́là. Owó yẹn ni wọ́n fi sun ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó sì jiná. Kò rí aago náà rà padà mọ́. Bíríkì Tuskegee wá dára débi pé àwọn òyìnbó àdúgbò, títí kan àwọn tí kò fẹ́ kí adúláwọ̀ kàwé, ń wá rà á lọ́wọ́ wọn.

Kí ló wá yàtọ̀ láàárín ẹrẹ̀ yìí àti ẹrẹ̀ oko ẹrú? Àwọn tó po amọ̀ yẹn ló sùn nínú ilé náà. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe, wọ́n ń ṣírò rẹ̀ mọ́ owó oúnjẹ àti ibùgbé rẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀, láti 1884, á ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, á kàwé lálẹ́, owó rẹ̀ á máa pọ̀ sí i títí yóò fi wọ kíláàsì ọ̀sán. Gbèsè ìwọ̀fà kì í dín. Tiwọn ń dín.

Àwọn ará ìlú náà mọ̀ pé tàwọn ni. Olivia Davidson, olùkọ́ tó wá di aya Booker, ń lọ láti ilé dé ilé láti tọrọ ohun tí wọ́n lè tà. Màmá àgbà kan tí ó tó nǹkan bíi 70 ọdún, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ lóko ẹrú, fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ wọlé nínú àkísà. Kò ní owó. Ẹyin adìẹ mẹ́fà ló gbé wá, pé kí wọ́n fi kún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ olówó ló fún Tuskegee ní owó ńlá lẹ́yìn ìgbà náà, Booker sì sọ ọ́ síta pé kò sí ẹ̀bùn tó wọ òun lára bí ẹyin mẹ́fà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìtàn náà dùn ju bó ṣe rí lọ. Nígbà tó ń rìn káàkiri abúlé tó yí Tuskegee ká, ó bá ìdílé kan tí wọ́n ń fi fọ́ọ̀kì kan ṣoṣo jẹun, dùùrù 60 dọ́là tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù sì wà ní igun yàrá. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí kò ní ilẹ̀. Òwú ni wọ́n ń gbìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, nítorí òwú ni onílẹ̀ àti onísọ́ọ̀bù ń gbà. Kó tó hù, gbèsè ti wà lórí rẹ̀. Òmìnira ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ni ilé ayé sọ wọ́n dà. Bí iṣẹ́ nìkan bá tó, àwọn ni ì bá là jù.

Èyí ló fa àríyànjiyàn láàárín Booker àti ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ kan, W.E.B. Du Bois. Nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní Atlanta ní 1895, Booker ní kí àwọn adúláwọ̀ gbájú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti oko, kí wọ́n má kọ́kọ́ jà fún bíbá òyìnbó dọ́gba. Du Bois dá a lóhùn ní 1903 pé ẹni tí kò ní ìbò kò lè dáàbò bo ohun tó fi iṣẹ́ kó jọ. Lójú tèmi, Du Bois jàre níbí yìí. Ìbò ló bí Tuskegee fúnra rẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ tuntun tí Alabama sì ṣe ní 1901 gba ìbò lọ́wọ́ àwọn adúláwọ̀. Booker náà mọ̀ ọ́n lọ́kàn, nítorí lábẹ́lẹ̀ ló ń fi owó ti àwọn tó pẹjọ́ ta ko òfin náà lẹ́yìn.

Ó kù ẹyọ kan, ó sì súnmọ́ ilé. Ní 1900, ìgbìmọ̀ Jámánì kan tó ń rí sí ọrọ̀ ajé àwọn ilẹ̀ tí Jámánì ń ṣàkóso ní kí àwọn ọmọ Tuskegee wá kọ́ àwọn ará Tógò, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, bí wọ́n ṣe ń gbin òwú fún àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Jámánì. James Calloway ló kó wọn wá. Nígbà tó di 1904, John Robinson, ọ̀kan nínú wọn, dá ilé ẹ̀kọ́ òwú sílẹ̀ ní Notsé, ìlú tí àwọn Ewe ní àwọn dúró sí nígbà tí àwọn kúrò ní Kétu. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Jámánì ló ń yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò lọ síbẹ̀, wọn kì í bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Orúkọ ilé ìwé ni wọ́n pè é, àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Booker ló kọ́ wọn, àáké àti ọkọ́ ni wọ́n gbé. Ẹ sọ ti Tuskegee àti ti Notsé pa pọ̀ fún àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n fúnra wọn sọ fún yín èyí tí òwe náà ń bá wí.