Kí ni òwe «Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ» ń wí, kí ló sì kan kíbọ́ọ̀dù níbẹ̀?

Ẹni tó béèrè ń múra ìkómọjáde ní Àkúrẹ́. Ó tẹ ìwé ètò fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà Ubuntu, kò sì fi àmì kankan sórí àwọn orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ. Àgbà ẹbí wo ìwé náà, ó ní «Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, èyí tí ẹ kọ síbí kì í ṣe orúkọ,» ó sì dá a padà. Ó fẹ́ mọ ohun tí òwe náà túmọ̀ sí gan-an. Ó tún fẹ́ mọ bí òun ṣe lè tún kọ̀ǹpútà náà tò láti tẹ́mínà (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), nítorí ibẹ̀ ló ti mọ́ ọn lára láti máa ṣiṣẹ́, kí orúkọ lè jáde bí àgbà ṣe ń pè é.

Àgbà yẹn kò ṣàṣejù. Ìjánu ni irin tí wọ́n ń fi sí ẹṣin lẹ́nu, tí okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó gùn ún. Bí ẹṣin bá fẹ́ yà kúrò lọ́nà, okùn yẹn ni wọ́n ń fà. Òwe náà ń sọ pé orúkọ ni ẹbí fi ń fa ọmọ padà. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi máa ń pe ọmọ tó fẹ́ ṣìwà hù ní orúkọ rẹ̀ ní kíkún, tí yóò sì fi oríkì lé e, kí ó lè rántí ilé tó ti jáde. Àwọn kan ń lo òwe yìí bí ẹni pé orúkọ ló ń yan kádàrá fún ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjánu kì í yan ọ̀nà fún ẹṣin, ẹni tó dì í mú ló ń yàn án. «Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ» sì yàtọ̀ sí i: ìyẹn ń sọ nípa bí a ṣe ń mú orúkọ, tí ìdílé ọba fi ń mú Adé, tí ìdílé Ifá ń mú Fá, tí àwọn jagunjagun ń mú Akin, èyí tó pọ̀ rẹpẹtẹ ní Oǹdó. Òwe ti ìjánu ń sọ nípa iṣẹ́ tí orúkọ ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ọ́ tán.

Ohùn ni orúkọ fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ń lò fún gbogbo wọn. Omi, oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare wà nílẹ̀, wọ́n ń fi wọ́n wúre, lẹ́yìn náà ni àgbà yóò pe orúkọ sókè, tí àwọn tó pé jọ yóò sì pè é tẹ̀lé e. Ẹnu ni orúkọ kọ́kọ́ ń gbé kí ó tó dé orí ìwé. Bí ìwé bá wá gba ohùn kúrò lára rẹ̀, ẹni tó mọ ilé yẹn nìkan ló lè pè é bó ṣe yẹ. Ẹ wo Adébáyọ̀, adé bá ayọ̀. Ẹni tó rí «Adebayo» lásán lè kà á bí adé tó bá ayò, ayò tí a ń ta. Ẹ wo Akínyẹmí: ohun tó yẹ ènìyàn àti ohun tó yé ènìyàn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọmọ tó máa dàgbà sí Èkó tàbí òkè òkun lè jẹ́ pé orí ìwé ni yóò ti kọ́ orúkọ ara rẹ̀, kò sì sí àgbà ní tòsí tí yóò tún un ṣe fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ wo irú ojú iṣẹ́ tó wà lórí tiyín, x11 tàbí wayland, àwọn ètò tó ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà:

echo $XDG_SESSION_TYPE

Bí ó bá dáhùn pé x11, àṣẹ yìí yóò fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kún ti Gẹ̀ẹ́sì, Alt pẹ̀lú Shift ni ẹ ó sì máa fi bọ́ sórí ọ̀kan láti orí èkejì:

setxkbmap us,ng -variant ,yoruba -option grp:alt_shift_toggle

Ẹ má ṣe yọ àmì ìdánudúró díẹ̀ (,) tó wà níwájú yoruba. Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kíbọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀yà, èkejì ló ni ín. Bí ẹ bá yọ ọ́, kọ̀ǹpútà yóò máa wá ẹ̀yà Yorùbá lábẹ́ us, kò sì sí níbẹ̀. Àṣẹ yìí máa ń parẹ́ bí ẹ bá ti jáde. Kí ó lè dúró, ẹ kọ ọ́ sínú ~/.xprofile, tàbí kí ẹ ṣí /etc/default/keyboard, kí ẹ fi XKBLAYOUT="us,ng" àti XKBVARIANT=",yoruba" síbẹ̀.

Bí ó bá dáhùn pé wayland, setxkbmap kò ní ṣe iṣẹ́ tó yẹ. Èyí ni kí ẹ lò lórí GNOME, ojú iṣẹ́ tí Ubuntu sábà máa ń gbé wá:

gsettings set org.gnome.desktop.input-sources sources "[('xkb','us'),('xkb','ng+yoruba')]"

Super (bọ́tìnnì tó ní àmì Windows) pẹ̀lú Space ni ẹ ó fi máa yí i. Ohun méjì ló sábà máa ń ba àṣẹ yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ènìyàn máa ń fi sudo ṣáájú rẹ̀. Ètò ti root, alábòójútó kọ̀ǹpútà, ni ìyẹn ń yí, tiyín kò ní yí padà rárá. Èkejì ni pé wọ́n dà á kọ láti inú ìwé tàbí orí fóònù tó ti sọ àmì ' di èyí tó tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́. Bí nǹkan bá dàrú, gsettings reset org.gnome.desktop.input-sources sources yóò dá a padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà, ẹ tẹ less /usr/share/X11/xkb/symbols/ng, kí ẹ wá yoruba nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi kọ àwọn míràn níbẹ̀: 1EB9 ni ẹ, 1ECD ni ọ, 1E63 ni ṣ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù ni àmì tó wà lókè lẹ́tà tó ní ẹ̀là (àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ) lábẹ́. Lẹ́tà á, à, é, ó, ù àti ǹ tó wà nínú Oǹdó, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ àti m̀ kò ní. Ohun méjì ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀ láti rí wọn, lẹ́tà àti àmì tó gùn ún. Nítorí náà, kíbọ́ọ̀dù tó ń gba àmì kí ó tó gba lẹ́tà yóò kọ̀ jálẹ̀ bí ẹ bá tẹ àmì òkè tí ẹ sì tẹ ẹ tẹ̀lé e. Lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di Ctrl àti Shift mú, kí ẹ tẹ u, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kí ẹ tẹ 0301 fún ohùn òkè tàbí 0300 fún ohùn ìsàlẹ̀, kí ẹ wá tẹ Enter. Nínú LibreOffice, ẹ tẹ 0301 lẹ́yìn lẹ́tà, kí ẹ sì tẹ Alt pẹ̀lú x.

Bí orúkọ bá ti ọ̀dọ̀ ènìyàn púpọ̀ wá, bó ṣe máa ń rí nínú ìkómọ níbi tí ìyá, bàbá àti àna ti ń fi orúkọ ránṣẹ́, àwọn kan á ti fi ìlà kékeré ìnàró sábẹ́ e dípò ẹ̀là. Ojú lè má rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní rí orúkọ náà bí ẹ bá ń wá a. Ẹ fi sudo apt install icu-devtools gbé uconv wọlé, kí ẹ wá ṣe báyìí:

uconv -x any-nfd oruko.txt | LC_ALL=C sed 's/\xcc\xa9/\xcc\xa3/g' | uconv -x any-nfc > oruko2.txt

Ó ń tú lẹ́tà palẹ̀, ó ń fi ẹ̀là rọ́pò ìlà, ó sì ń tún wọn tò bákan náà.

Ti ojú kọ̀ǹpútà kò gba àkókò. Bí àmì bá ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, fọ́ǹtì ló kù díẹ̀ káàtó. fc-list :lang=yo family yóò to àwọn tó ní lẹ́tà Yorùbá sílẹ̀; bí wọn kò bá tó nǹkan, sudo apt install fonts-noto-core. Bí ẹ̀là bá kéré jù fún ojú yín:

gsettings set org.gnome.desktop.interface text-scaling-factor 1.25

Lórí x11, ẹ tún fi xrandr wò ó bóyá ojú kọ̀ǹpútà wà ní ìwọ̀n tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi àmì + sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀là á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ẹ ó sì rò pé ẹ kò tẹ̀ ẹ́.

Ohùn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ẹni tó ń tẹ̀wé kò gbọdọ̀ fi àròsọ pín àmì. Ẹ jẹ́ kí àgbà pe orúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gbà á sílẹ̀:

pactl set-source-mute @DEFAULT_SOURCE@ 0
pactl set-source-volume @DEFAULT_SOURCE@ 70%
arecord -f cd -d 30 oruko.wav

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni 30 yẹn. Bí ohùn bá ń fọ́, ẹ dín 70 kù sí 50. Ẹ fi pactl set-sink-volume @DEFAULT_SINK@ 80% ṣètò èyí tí ẹ ó fi gbọ́ ọ. Bí ẹ bá gbé e kọjá 100%, ohùn lè máa fọ́ létí yín. Lẹ́yìn náà:

mpv --speed=0.7 oruko.wav

mpv ń fa ọ̀rọ̀ gùn láìjẹ́ kí ohùn rọlẹ̀, ohun tí a sì nílò fún èdè wa nìyẹn. Ẹ kùn ún tẹ̀lé e ní dò, re, mí. Dò gba àmì ìsàlẹ̀, mí gba ti òkè, re kò gba nǹkan kan.

Bí àgbà bá fi oríkì kún un, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó fi u bẹ̀rẹ̀, bíi ulé tí àwọn ará Àkúrẹ́ ń pe ilé, àti gh lẹ́nu ará Oǹdó. Kọ̀ǹpútà lè fa ìlà pupa sábẹ́ wọn. Ẹ má dá a lóhùn, kí ẹ má sì sọ wọ́n di Yorùbá ilé ìwé. Ohun tó jáde lẹ́nu àgbà ni oríkì.

Ó ku atẹ̀wé. Ẹ má ṣe gbé fáìlì odt fún un, kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lè má ní fọ́ǹtì yín, àmì yóò sì tún fọ́nká. Ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

libreoffice --headless --convert-to pdf iwe.odt
pdffonts iwe.pdf

Lábẹ́ emb, èyí tó ń sọ bóyá fọ́ǹtì wà nínú PDF náà, yes ni kí ẹ rí lórí ìlà gbogbo. Ẹ sọ fún atẹ̀wé pé kó má tún orúkọ tẹ̀ nínú ètò tirẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀ ná, kí ẹ fi han àgbà kí ó kà á sókè, kó tó tẹ ìyókù.