Mi ò mọ kámẹ́rà lò, ṣé mo lè ríṣẹ́ nídìí fíìmù ẹranko igbó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ nípa ẹranko ni mo kà ní yunifásítì, mo sì rí i pé àwọn tó ń ya dókúmẹ́ńtárì ẹranko igbó máa ń gba field assistant, ìyẹn ẹni tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú igbó. Mi ò mọ kámẹ́rà lò rárá o. Kí ni ẹni yẹn ń ṣe gan-an, ṣé mo lè ṣe é?

Ìdáhùn: Àbúrò, o lè ṣe é dáadáa. Ẹni tó mọ kámẹ́rà lò ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó lè jókòó jẹ́ẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ tó sì mọ ìwà ẹranko ló ṣòro láti rí. Kámẹ́rámáàn ti ki ojú bọ kámẹ́rà, nǹkan tó wà níwájú lẹ́ńsì nìkan ló ń rí, torí náà ìwọ lo ń wo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ fún un, ìwọ lo máa mọ̀ tí atẹ́gùn bá yí padà tó fẹ́ gbé òórùn yín lọ bá ẹranko, ìwọ náà lo máa kọ́kọ́ rí i tí erin bá ń bọ̀ látẹ̀yìn.

Jẹ́ n sọ ti ẹyẹ fún ẹ. Tá a bá fẹ́ ya ẹyẹ nídìí ìtẹ́ ẹ̀, a máa ń pa àgọ́ kékeré kan tí kámẹ́rámáàn á sápamọ́ sí, ọ̀ọ́kán la ti ń kọ́kọ́ pa á, a ó wá máa sún un mọ́ ìtẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí ojú ẹyẹ á fi mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tá a máa yà á, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa wọlé, wàá wá jáde ní ìwọ nìkan, wàá rìn lọ ní gbangba kí ẹyẹ lè rí ẹ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ ò mọ̀ pé ẹni méjì ló wọlé, tó bá ti rí ẹni tó jáde, ó gbà pé kò séèyàn níbẹ̀ mọ́ nìyẹn, á padà sórí ẹyin ẹ̀. Tó bá pẹ́ tí kò padà, lọ mú kámẹ́rámáàn jáde, kódà tó bá ń bínú, torí ẹyin tó bá tutù jù, ọmọ inú ẹ̀ á kú. Kò sí fíìmù tó tó bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú gọ̀rílà àti ìnàkí náà. Àìsàn wa ń ràn wọ́n, òtútù lásán tó ń ṣe wá lè pa wọ́n, ìdí nìyẹn tí ìlànà IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ẹranko àti igbó, fi ní ká jìnnà sí wọn ó kéré tán mítà 10 ká sì bo imú àti ẹnu. Tó o bá ń wúkọ́, má lọ lọ́jọ́ yẹn, sọ fún dárẹ́kítọ̀.

Tílẹ̀ bá wá ṣú, tó ti rẹ gbogbo èèyàn, iṣẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Káàdì inú kámẹ́rà tí fídíò ń wọ̀, tó bá ti kún, dojú ẹ̀ délẹ̀ nínú páálí ẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má bàa tún un lò. Kó ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí dráìfù méjì, ṣí fídíò náà wò lórí méjèèjì, má kàn wo orúkọ fáìlì, kó o tó pa ohunkóhun rẹ́, kó o wá fi àwọn dráìfù yẹn sínú báàgì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí ẹkùn ṣe lónìí, o ò lè bẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe lọ́la. Kọ ohun tí ẹranko ń ṣe sílẹ̀ pẹ̀lú aago àti nọ́ńbà káàdì, ibẹ̀ gan-an ni ìwé tó o kà ti máa wúlò, torí ẹni tó máa to fíìmù náà pọ̀ ò sí níbẹ̀.

Bátìrì lithium tí kò sí lára kámẹ́rà, ọwọ́ lo máa gbé e wọ bààlúù, kì í wọ ẹrù ìsàlẹ̀. Èyí tó bá ju 100Wh lọ (Wh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà), gbàṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bààlúù, tó bá ju 160Wh lọ, wọn ò ní gbà á.

Tó o bá máa wá iṣẹ́ yìí, kọ̀wé sáwọn olùṣèwádìí tó ń gbé inú igbó náà, ọ̀dọ̀ wọn làwọn onífíìmù sábà máa ń lọ. Má kàn kọ ọ́ pé o fẹ́ràn ẹranko, gbogbo èèyàn ló ń kọ bẹ́ẹ̀. Ẹranko wo lo ti ṣọ́ rí, ibo lo ti ṣọ́ ọ, ṣé o ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ṣé o ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ kọ.