Ṣé ẹyin wà nínú kọ́sítádì, kí ló sì ń jẹ́ kó ṣomi?
Ẹ ní ṣé ẹyin wà nínú kọ́sítádì tá à ń rà l'Ọ́jà Ọba n'Ílọrin níbí, àti pé kí ló fà á tí tiyín fi ń ṣomi. Rárá o, kò sẹ́yin nínú èyí tó wọ́pọ̀, ìyẹn ti páúdà, sítáàṣì àgbàdo ni, wọ́n kàn fi àwọ̀ yẹ́lò àti fàníllà sí i ni, Alfred Bird, apòògùn kan ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe irú ẹ̀ jáde ní 1837 torí ẹyin ò bá ìyàwó ẹ̀ lára mu. Kọ́sítádì ẹyin gangan, mílíìkì, ẹyin àti ṣúgà ni, iná jẹ́jẹ́ ló fẹ́, tó bá ti hó pẹ́nrẹ́n ẹyin á dì sọ́tọ̀, omi á wà lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé sínú ófùn máa ń dì bíi mọ́ínmọ́ín.

Ti páúdà ní tiẹ̀, omi tó ń hó yàà ló fẹ́, omi fùláàsì ò lè jẹ́ kó ki dáadáa, ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù pò ó bíi ògì. Tó bá wá ki tán tó tún ṣomi nínú abọ́, itọ́ ẹnu ló sábà máa ń fà á, ṣíbí tẹ́ ẹ ti fi sẹ́nu tẹ́ ẹ tún ń fi rò ó, itọ́ máa ń yọ́ sítáàṣì, èmi kì í jẹ́ káwọn ọmọ mi da àjẹkù padà síkòkò.