Ṣé kí n ri páìpù fáíbà mọ́ ògiri, àbí kí n dúró de íńtánẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀run?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ilé mi ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, ti dé orí àtirẹ́. Oníná tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní kí n má fowó ṣòfò lórí páìpù fáíbà, pé ayé wáyà ti tán, pé 5G (íńtánẹ́ẹ̀tì orí òpó) àti Starlink (ti sátẹ́láìtì) ló máa gbàjọba, fáíbà ò ní pẹ́ dà bíi tẹlifóònù NITEL. Ṣé òótọ́ ni? Ráútà wo ni kí n sì rà?

Ìdáhùn: Ẹ ri páìpù náà mọ́ ògiri, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ o. Fáíbà ni wáyà dígí tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, inú páìpù yẹn ló máa gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ ráútà ṣì ń bọ̀.

Ó ti ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ lọ́dún yìí tí wọ́n ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ẹnu oníná ló sì sábà máa ń ti jáde. Mi ò bá oníná jà, ṣùgbọ́n kí kálukú jókòó ti iṣẹ́ tó kọ́.

Ohun tó ń ṣì wọ́n lọ́nà ni pé wọ́n rò pé bí wáyà ò bá ti wọlé tọ̀ yín wá, kò sí wáyà níbì kankan. Fóònù yín kì í gba ojú ọ̀run bá Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Òpó àdúgbò ló ń bá sọ̀rọ̀, kò sì ju ìrìn díẹ̀ lọ. Láti ẹsẹ̀ òpó yẹn, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sínú fáíbà, tàbí kó fò sórí òpó mìíràn tí fáíbà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Fáíbà ló máa gbé e dé etí òkun l'Ékòó, níbi tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bíi SAT-3, MainOne, Glo-1 àti Equiano ti gúnlẹ̀, tí á sì gba abẹ́ omi lọ sí Pọ́túgà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú 100 dátà tó ń sọdá òkun láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, ó lé ní 95 tó ń gba ìsàlẹ̀ omi kọjá.

Ẹ rántí Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹta 2024. Wáyà mẹ́rin, ìyẹn WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, dàrú lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan. Òpó wà lóòró, iná wà lórí rẹ̀, fóònù ń fi 4G hàn gbagada, owó ò sì kúrò ní báǹkì. Oníbàárà mi kan ní kí n wá gun òpó òun wò, bóyá ẹyẹ ti yé ẹyin síbẹ̀!

Starlink ńkọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mi ò bù ú kù. Sátẹ́láìtì àtijọ́ wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lókè. Ti Starlink ò ju bíi 550 lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń yá. Ṣùgbọ́n ohun tí sátẹ́láìtì bá gbà, ó ní láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ibùdó kan lórí ilẹ̀, fáíbà ló sì ń dúró dè é níbẹ̀. Gbogbo àwo Starlink tó wà ládùúgbò kan ló sì ń pín ìwọ̀nba kan náà mu. Oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n dé Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá 2024, wọ́n ní Èkó ti kún, kò sáyè. Ká ní oko yín ní Ṣakí lẹ ń bi mí, ma ní kẹ́ ẹ ra àwo lọ́la. Ibi tí ilé fún mọ́ra, fáíbà ló ni ibẹ̀.

Àwọn tó ń ta 5G gan-an ò gbà pé ayé wáyà ti tán. L'Amẹ́ríkà, Verizon àti T-Mobile, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì 5G fún onílé, wọ́n sì ń gba oníbàárà lọ́wọ́ àwọn oníkébù, ìyẹn àwọn tó ń fi wáyà tẹlifíṣọ̀n ta íńtánẹ́ẹ̀tì. Verizon yìí kan náà ló kéde lóṣù Kẹsàn-án 2024 pé òun máa fi 20 bílíọ̀nù dọ́là ra Frontier, oní-fáíbà. T-Mobile náà ti bá ẹlòmíràn pawọ́ pọ̀ ra Metronet, oní-fáíbà náà ni. Wọ́n mọ̀ pé ibi tí àyè bá ṣẹ́ kù lórí òpó nìkan ni wọ́n ti lè ta ti afẹ́fẹ́.

Ti NITEL, bàbà ni wáyà yẹn. Omi ń wọ̀ ọ́, olè ń ká a lọ tà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù Kìíní 2027 ni wọ́n fẹ́ pa tẹlifóònù àtijọ́ orí bàbà, fáíbà ló sì ń rọ́pò rẹ̀. Dígí tó tín-ín-rín bí irun orí ni fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Dígí tó ń gbé 2.5 gígábíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá lónìí, ẹ kàn pààrọ̀ ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, ó di 10. Ògiri yín ò ní mọ̀ pé nǹkan yí padà.

Ó ní àléébù tiẹ̀: katapílà tó ń ṣe títì lè gé e láàárọ̀, kí ẹ má rí nẹ́tíwọ̀kì títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Páìpù tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kí wọ́n fi fún un, láti ìta dé ibi tí iná invẹ́tà yín dé. Kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ ní igun, dígí kì í fẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ òun lọ́rùn. Kí wọ́n fi okùn ọ̀rá sílẹ̀ sínú rẹ̀, òun ni wọ́n máa fi fa fáíbà wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá so ó, ẹ ní kí wọ́n fi mítà wọn ìmọ́lẹ̀ lójú yín. Bó bá ka -20 dBm (bí mítà ṣe ń ka agbára ìmọ́lẹ̀ nìyẹn) tàbí nítòsí rẹ̀, ó dáa. Bó bá ti ń sún mọ́ -27, kí wọ́n tú u kí wọ́n tún un so. Ẹ má fojú wo ẹnu dígí náà o, ẹ ò ní rí ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún, ó sì lè ṣe ojú yín léṣe.

Mi ò tíì rí ilé yín, mi ò sì mọ ẹni tó ti gbé fáíbà dé apá ọ̀dọ̀ yín. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi aládùúgbò bí tiẹ̀ ṣe ń yá sí láago mẹ́jọ alẹ́, kì í ṣe láàárọ̀. Bí fáíbà ò bá tíì dé, ẹ lo 5G ná, páìpù á máa dúró dè é.

Ráútà? Àwọn tó bá wá so fáíbà sábà máa ń gbé tiwọn dání. Ẹni tó bá ní òun ní ráútà tí kì í jẹ dátà títí ayé, ẹ má dá a lóhùn.