Ẹ BÉÈRÈ, Ẹ GBỌ́: Síbí fàdákà tí Bàbá kó bọ̀ láti Moscow, ṣé ti ọba Rọ́ṣíà ni?

Ìbéèrè, láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa kàwé ní Yunifásítì Lumumba ní Moscow láyé Soviet, ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé wọ́n kó síbí fàdákà mélòó kan bọ̀ àti irin kan tí wọ́n máa ń ki ife tíì bọ̀ tó ní ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá ti lọ báyìí, a fẹ́ pín ẹrù, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin wá ta kú pé ti ọba ni, torí adé wà lára síbí, ẹyẹ olórí méjì wà níbẹ̀, lẹ́tà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn náà wà níbẹ̀, H àti B. Lábẹ́ irin ife tíì yẹn wọ́n kọ МНЦ, àbúrò mi ní orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin Bàbá ni. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan l'Ádó ti ní ká kó gbogbo ẹ̀ wá kóun wọ̀n ọ́n. Fọ́tò nìyí, ẹ bá wa wò ó.

Ìdáhùn: Ẹ kú àráfẹ́rakù o, Ọlọ́run á tu yín nínú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì kó nǹkan kan lọ bá alágbẹ̀dẹ, ìwọ̀n nìkan ló máa fi rà á, iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára ẹ̀ kò ní san kọ́bọ̀ lé e.

Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ń pa pọ̀ lára síbí yẹn. Àwọn òǹtẹ̀ kéékèèké tí wọ́n fi irin lù sẹ́yìn ọwọ́ ẹ̀, ìjọba àti ẹni tó ṣe é ló ni ìyẹn. Lẹ́tà ńlá tí wọ́n fọwọ́ fín, ẹni tó ni síbí ló ni ín. Ṣé ẹ mọ báwọn ìyá wa ṣe ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sídìí abọ́ àti kúlà kó má bàa sọnù lóde ìnáwó, ọ̀rọ̀ kan náà ni, àwọn olówó Rọ́ṣíà kàn ń sanwó fún ẹni tó máa fín in kó rẹwà ni.

Nọ́ńbà 84 tí mo rí láàárín àwọn òǹtẹ̀ kéékèèké yẹn nínú fọ́tò yín, kì í ṣe ọdún o. Láyé ọba wọn, ìdá 96 ni wọ́n ń pín fàdákà sí, 84 nínú ẹ̀ ni fàdákà gidi, ìyókù jẹ́ àdàlù, ìyẹn 875 nínú 1000. Òǹtẹ̀ orí obìnrin tó wé gèlè ìbílẹ̀ wọn náà wà níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló kọjú sí nínú fọ́tò yín, àtọdún 1908 ni wọ́n ti ń lu irú ẹ̀, ká ní òsì ló kọjú sí ni, a jẹ́ pé láàárín 1899 sí 1908 ni. Lẹ́tà Δ tó wà níbẹ̀, Moscow nìyẹn. П.ОВЧИННИКОВЪ tí wọ́n lù síbẹ̀ sì ni orúkọ ilé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà Ovchinnikov, ará Moscow náà ni, gbajúmọ̀ sì ni wọ́n nígbà náà. Ẹyẹ olórí méjì tó dà yín láàmú, ilé iṣẹ́ tó bá ń tajà fún ààfin ni wọ́n ń gbà láyè kó lù ú mọ́ orúkọ ara ẹ̀, Fabergé, ilé iṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye tó lókìkí ní Rọ́ṣíà nígbà náà, náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe síbí ló ń fi ẹyẹ yangàn, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹni tó rà á.

Ó wá ku lẹ́tà. Ábídí tiwọn ni ká fi kà á, torí náà Н yẹn N ni, В yẹn V ni. Ká ní ti ọba Nicholas Kejì ni, Н pẹ̀lú II lẹ máa rí, adé ńlá tó ní àgbélébùú lórí á sì wà lókè ẹ̀. Ti ọbabìnrin wọn, Catherine Kejì, Е àti II ni. Ti ìyá Nicholas, Maria Feodorovna, М àti Ѳ ni, Ѳ yẹn sì wà lára lẹ́tà tí wọ́n yọ dànù lọ́dún 1918 nígbà tí wọ́n tún àkọtọ́ wọn ṣe. Lẹ́tà tiyín kò ní nọ́ńbà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́, adé ẹ̀ sì jẹ́ ẹlẹ́nu márùn-ún, ìdílé ọlọ́lá tí kò joyè ló ń lo ìyẹn, ẹlẹ́nu mẹ́sàn-án ni ti àwọn tó joyè káúǹtì (count), oyè ọlọ́lá kan lọ́dọ̀ wọn. Ọlọ́lá kan tórúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N, ti ìdílé ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú V, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ dé. Ẹni tó bá ní òun mọ orúkọ ẹ̀ pátá látorí lẹ́tà méjì, owó yín ló ń wò.

Ní ti МНЦ, ẹ sọ fún àbúrò yín kó jẹ́ kí Bàbá sinmi. Kọ́pà, níkẹ́ẹ̀lì àti síǹkì ni lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró fún, ilé iṣẹ́ tó wà nílùú Kolchugino ló ṣe irú ẹ̀ lọ bẹẹrẹbẹ, wọ́n sì fi ń gbé tíì fún èrò nínú ọkọ̀ ojú irin wọn. Kì í ṣe fàdákà rárá. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, òun ni màá mú, torí ó jọ pé òun ni Bàbá fi mu tíì jù.

Ìbéèrè, láti Ìdó-Èkìtì: Mo rí ife fàdákà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ Fabergé sí i, Н II náà wà lára ẹ̀, owó ẹ̀ ò sì wọ́n. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, Fabergé tí owó ẹ̀ ò wọ́n kẹ̀! Ayédèrú pọ̀ nínú ọjà yẹn ju ojúlówó lọ. Nígbà míì ife yẹn gan-an á jẹ́ ojúlówó ti àtijọ́, wọn á wá ha lẹ́tà olówó ẹ̀ kúrò kí wọ́n lè fín ti ọba síbẹ̀. Tó bá dé ọwọ́ yín, ẹ mí èémí sí i bí ẹni tó fẹ́ nu gíláàsì ojú, kẹ́ ẹ gbé e sóòrùn, ojú ibi tí wọ́n ha sábà máa ń yàtọ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ tiẹ̀ lè yọ fìrì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ wò bóyá ó ti fẹ́lẹ́ tàbí ó jìn sínú. Ẹ wo etí lẹ́tà náà: ife tí wọ́n ti ń nù fún ọgọ́rùn-ún ọdún, etí ẹ̀ á ti kúnná, tó bá ṣì mú bí abẹ tuntun, ẹ yáa dá a padà.

Ìbéèrè, láti Ọ̀yẹ́-Èkìtì: Àpótí fàdákà Rọ́ṣíà tí mo jogún ti dúdú, ṣé mo lè fi eérú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Háà, rárá o! Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ tí kò le àti aṣọ òwú rírọ̀ fọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n fín ló máa ha dànù. Tó bá jẹ́ pé inú ilà àwòrán nìkan ni dúdú yẹn wà, tó sì mọ́ rekete, ìdọ̀tí kọ́ o, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni, fàdákà, kọ́pà, òjé àti imí ọjọ́ ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ fún un, ìlú Veliky Ustyug ló lórúkọ nínú iṣẹ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán ẹ nù ún gbẹ kẹ́ ẹ fi aṣọ wé e, ẹ má fi rọ́bà tó ń fà dì í, torí imí ọjọ́ tó wà lára rọ́bà yẹn máa tún mú un dúdú.